Ìkarahun Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ààtàn Rí

Àdúrà kan wà tí Ìyá Oníkòkò kì í pa jẹ láràárọ̀, láti ìgbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti wà ní jòjòló. Kì í ṣe àdúrà gígùn. Yóò kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, yóò ní, "Ọlọ́run mi, ohunkóhun tí ọmọ yìí bá ń wá láyé, jẹ́ kó rí i. Má jẹ́ kó wá a tì." Yóò ṣe àmín, yóò dìde, yóò bọ́ sídìí amọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà wá kú, àdúrà kò mọ̀ pé ó kú. Ahọ́n ìyá ti mọ ọ̀nà. Yóò kúnlẹ̀ láàárọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀, ó di àárín kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun ń gbà á fún mọ́. Yóò wà lórí eékún níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi gba ojú fèrèsé wọlé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká máa pe ẹni tí kò ní jẹ́ wa mọ́.

Atúnbàtàṣe ni ọmọ náà nígbà ayé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá sí iṣẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìsinmi bá ti dé, yóò gbé ṣọ́bìrì kékeré kan àti búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń nu bàtà, ó di ìdí ahoro, ó di etí odò, ó di ibikíbi tí ọ̀gbàrá bá ti la ilẹ̀. Àpáàdì ló ń ṣà. Egungun, òkúta tó lẹ́nu, ohunkóhun tó bá ti jọ pé ọwọ́ èèyàn àtijọ́ kàn án rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kó rímú mí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Ààtàn, ẹ káàbọ̀ o! Kí lẹ wú lónìí? Ṣé bàtà ọba ni àbí eyín ìyá ọba?"

"Eyín bàbá rẹ ni," ni yóò dá wọn lóhùn. "Mo ní kí n bá a wá a, kó lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tí ò ń sọ yìí."

Wọn a pariwo ẹ̀rín, òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá délé, yóò bu omi, yóò fọ àpáàdì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fi aṣọ wé wọn, yóò tò wọ́n sínú páálí. Páálí náà kún abẹ́ ibùsùn, ó kún igun yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà.

Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí àìsàn wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ọwọ́ dé.

"Màmá, eléyìí kì í ṣe eré. Ìkarahun òkun ni, ṣùgbọ́n òkun kọ́ ló pọ́n ọn. Èèyàn ló fi ṣiṣẹ́. Èèyàn àtijọ́ gan-an! Mo máa gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n á fi í sínú gíláàsì, wọ́n á kọ orúkọ ọmọ yín sísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ààtàn á wá sanwó kí wọ́n tó wò ó."

Ọwọ́ ìyá wà nínú amọ̀ dé ìgúnpá. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì láti ìgbà díẹ̀, ó kàn rí òjìji ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ni. "Ibo lo ti rí i?"

"Ahoro kan ni, lẹ́bàá odò. Àpáàdì ibẹ̀ ò ṣe é kó tán, Màmá. Ó dà bí ẹni pé ìlú àwọn oníkòkò kan ló wà níbẹ̀ rí."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," ni ìyá wí. "Fọ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé."

Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò gùn, ahoro sì pọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀bá odò pẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ọmọ fi aṣọ tó fi ń dán bàtà wé ìkarahun náà, ó so ó ní kókó, ó gbé e sórí tábìlì. Ikọ́ kékeré kan dé, wọ́n fojú tín-ín-rín wò ó. Ikọ́ náà di ibà, ibà di èémí tí kò délẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọmọ jáde nínú yàrá náà, ìkarahun kù lórí tábìlì.

Ìyá kò tú u wò. Ó ní ẹni tó so ó ló yẹ kó tú u.

Ó ní ọmọbìnrin kan, àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ. Ẹnu ọmọbìnrin yìí mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀, àmọ́ òun náà ló ń gbé oúnjẹ wá fún ìyá láràárọ̀, tó tún ń gbé e padà lálẹ́ bí wọ́n ṣe bù ú. Ó fara dà á títí, ó sú u.

"Màmá, ẹ ò jẹun. Ẹ ò mọ ìkòkò kankan láti ìgbà yìí wá. Àárín páálí lẹ máa ń jókòó sí bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"O fẹ́ da ẹrù àbúrò rẹ nù?"

"Ẹrù wo, Màmá? Ìkòkò fífọ́ mà ni! Ẹ̀yin tí ẹ mọ odindi ìkòkò kún ìlú, ẹ wá jókòó ti àpáàdì ẹni ẹlẹ́ni." Ó rí ojú ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Yóò pa yín, ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ti lọ. Ẹ má ṣe tẹ̀lé e."

Ìyá ronú, ó ní, "Jẹ́ ká gbé ìkarahun rẹ̀ lọ síbi tó fẹ́ gbé e lọ. Bí wọ́n bá ní òótọ́ ló sọ, páálí rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó tò ó sí. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe ti àtijọ́, pe ẹni tó bá wù ọ́ kó wá kó wọn."

Aránṣọ gbà. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ ohun tí wọ́n máa sọ. Nítorí náà, kí wọ́n tó kúrò nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó ti bá ọlọ́mọlanke tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò sọ̀rọ̀ pé kó wá lọ́sàn-án.

*

Yàrá olùyẹ̀wò ohun àtijọ́ wà ní ẹ̀yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tó ń rùn bí káfúrà tí wọ́n fi ń lé kòkòrò. Tábìlì gbọọrọ kan wà níbẹ̀, àtùpà tó tẹ orí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà, ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, àti dúrọ́ọ̀ tó kún ògiri láti ilẹ̀ dókè. Obìnrin ni olùyẹ̀wò náà. Kò wọ òrùka, kò wọ ẹ̀gbà, nítorí irin a máa ha ohun tó bá dì mú.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ káàsán, Àǹtí. Ẹ jókòó, ẹ kú ìrìn."

"A dúpẹ́, Dókítà," ni Ìyá Oníkòkò wí.

"Àwọn aláìsàn tèmi kì í sunkún, Màmá. Òkúta àti egungun ni wọ́n."

"Ó dáa fún yín," ni aránṣọ wí. "Tèmi, bí aṣọ bá fún wọn, èmi ni wọ́n ń bú. Wọn kì í bú ikùn wọn."

Olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìdì aṣọ náà sórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ọmọ mi ló rí i. Ọmọ náà ti ṣaláìsí. Ó ní èèyàn àtijọ́ ló fi ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bóyá òótọ́ ló sọ. Èmi ò lè tú u. Ẹ bá mi tú u."

Olùyẹ̀wò rọra tú kókó náà. Ìkarahun náà tó àtẹ́lẹwọ́, ó ti ṣá, ó ti funfun bí eérú. Ó gbé e sábẹ́ àtùpà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi èékánná tọ etí rẹ̀ yípo. Lẹ́yìn náà ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ìkarahun mìíràn jáde, ó fi í lé ìyá lọ́wọ́.

"Ẹ fọwọ́ pa eléyìí lára, Màmá. Etí òkun ni mo ti ṣà á. Ṣé ẹ rí i pé kò síbi tí kò dán? Òkun ló yí i kiri. Bó ṣe ń jẹ iwájú náà ló ń jẹ ẹ̀yìn, kì í jẹ apá kan kó fi apá kan sílẹ̀. Èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá wúlò fún wa nìkan la máa ń lò. Tọmọ yín rèé: ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ní ìlà, igun rẹ̀ ṣì mú, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, ó sì jẹ ẹ́ tọ́ gbọọrọ bí etí ọ̀bẹ."

Ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò, ó wò ó, ó wò ó, ó ní kí aránṣọ wá wò ó. Aránṣọ fi ojú lé e, bí ẹni tó ń ṣe ojúṣe lásán. Ó ya ẹnu.

"Ìlà ló kún ibẹ̀! Ó tò lọ bí ojú rírán ẹ̀rọ!"

"Apá kan náà ni gbogbo rẹ̀ kọrí sí. Òkun ò lè to ìlà báyẹn. Ọwọ́ ni." Olùyẹ̀wò kọjú sí ìyá. "Ọmọ yín gba ibẹ̀, Màmá. Irinṣẹ́ ni. Èèyàn ló fi ṣiṣẹ́, ó sì fi ṣe é pẹ́."

Ìyá Oníkòkò dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀, nígbà tí ó máa ń fi oríkì jí ọmọ náà lójú oorun:

"Agbẹ́lẹ̀-má-rẹ̀, ọmọ mi!
Abẹ̀rẹ̀-gbé-ohun-tí-ayé-sọ-nù,
Afọ-àpáàdì-bí-ẹni-wẹ-ọmọ-tuntun.
Wọ́n rín ọ lẹ́rìn-ín, o bá wọn rín in,
Wọ́n pè ọ́ láláàtàn, o ò bínú.
Ilẹ̀ tó o gbẹ́ ló gbà ọ́, ọmọ mi,
Kó má ni ọ́ lára,
Kó rọ̀ fún ọ bí o ti rọ̀ fún un."

Omi dà lójú aránṣọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíá.

Ìbá dára ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ti tún gbé ìkarahun náà, ó ti ń wo ihò kékeré kan tó wà lókè rẹ̀. Ó wo ìyá, tó ṣì nà ró, tó ń rẹ́rìn-ín tòun ti omijé. Ó tún wo ihò náà bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yí padà. Ihò kò yí padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún jókòó. Mo ti sọ èyí tó dùn."

Ìyá jókòó.

"Àwọn ará àtijọ́, òkúta mímú ni wọ́n fi ń dá ihò sára ìkarahun. Wọ́n á gbẹ́ ẹ wọlé láti ibí, wọ́n á yí i padà, wọ́n á gbẹ́ ẹ láti ọ̀hún. Ihò wọn máa ń fẹ̀ lẹ́nu, á fún láàárín. Ihò tèyí ṣe dọ́gba látòkè délẹ̀, irin sì ti dógùn-ún sí i lára nínú. Ìṣó ni wọ́n fi lù ú, Màmá. Irú ìṣó tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí."

"Ìyẹn ni pé?"

"Ìyẹn ni pé kò pẹ́ tó bó ṣe rò ó. Ẹni tó lò ó ṣì lè wà láyé."

Ìyá kò sunkún. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sórí itan. "Ó parọ́ nìyẹn."

"Kò parọ́ o, Màmá. Ó rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè rí. Ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ló ṣì."

"Ọjọ́ orí rẹ̀ náà ni mo wá bèèrè," ni ìyá wí.

Ẹni tó bá mọ aránṣọ á rò pé yóò ní, Mo sọ fún yín. Kò sọ ọ́. Ó kàn dìde, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú láti gbé e dìde.

Olùyẹ̀wò kò tíì gbé ìkarahun sílẹ̀. Ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò yé e, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, bí àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá ṣe máa ń ṣe.

"Mi ò rí irú èyí rí. Amọ̀ ni ẹni tó ni ín ń fi í fá, ó ṣì kù sínú ìlà rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń fá a. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ibi tó jin yìí, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló yẹ kó nà sórí rẹ̀. Kò nà. Oríkèé ló ń tì í, oríkèé ló jẹ ẹ́ jin. Ó dà bí ẹni pé ìka ẹni náà ká kò, tí kò ṣe é nà mọ́."

Aránṣọ dúró gbọnin. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ náà láti kékeré, ọwọ́ tó di irun fún un, tó nà án, tó wo ibà lára rẹ̀. Iná ìkòkò ló jó ìka kan níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ó sì ká sínú bí ìwọ̀ láti ìgbà náà. Kò wò ó bí ohun àrà rí. Ó wò ó nísinsìnyí.

"Màmá," ó ní. "Ọwọ́ yín."

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi?"

Olùyẹ̀wò gbé ojú sókè, ó rí ohun tí aránṣọ rí. Ó yí tábìlì po, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá, ó sì ṣe ohun tí kì í ṣe sí ohunkóhun tó wà lábẹ́ àyẹ̀wò: ó fi ìkarahun náà sí ìyá lọ́wọ́ òsì.

Ọwọ́ náà pa dé fúnra rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń gba ọmú lójú oorun. Àtàǹpàkò bọ́ sí ibi tirẹ̀. Ìka tó ká bọ́ sínú ibi tó jin, kò ṣẹ́ kù, kò lé. Ọrùn ọwọ́ ìyá mì díẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí ẹni tó ń fá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

Lóde, ẹnì kan ń fi omi fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá yín ló lu ihò yìí," ni ìyá sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tó yá. "Ó ní kí n so ó mọ́rùn kó má baà sọ nù. Okùn já."

"Ilé ẹ̀bá odò," ni aránṣọ wí. "Ilé tí Bàbá kú sí. Ibẹ̀ ló lọ gbẹ́."

"Mi ò mú un débẹ̀ rí. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó mọ̀ pé ilé kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a sin bàbá yín, mo wá ìkarahun yìí nínú ààtàn àpáàdì mi. Mo ní bí mo bá rí i, bí ẹni pé mo rí nǹkan mú lára rẹ̀ ni. Mo pọn àbúrò rẹ sẹ́yìn, ó ń ké, mo ń tú àpáàdì. Mo wá a tì. Mo wá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, a sì kó wá síbi tí a wà yìí." Ó yí ìkarahun náà padà lọ́wọ́. "Ẹni tí yóò rí i ló wà lẹ́yìn mi, tí mò ń wá a."

"Màmá..."

"Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí ohun tó ń wá. Ó mà rí i." Ìgbà yìí ni omijé rẹ̀ wá. "Èmi ni ará àtijọ́ tó ń wá kiri. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nà án sí mi, mo ní kó lọ fọ ẹsẹ̀."

Aránṣọ kúnlẹ̀ tì í, ó dì mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó ti rántí àwọn páálí yẹn, àpáàdì tí wọ́n fọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi aṣọ wé. Ìkòkò ìyá rẹ̀ ni èyí tí àbúrò rẹ̀ ṣà ní ẹ̀bá odò nínú wọn, àwọn tó fọ́ mọ́ ìyá lọ́wọ́ nígbà èwe, kó tó mọ iná í mú.

"Mi ò lè fi í sínú gíláàsì, Màmá," ni olùyẹ̀wò wí. Òun náà ti kọjú sí fèrèsé.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. O ṣeun tí o kò tàn mí."

Nínú báàgì aránṣọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó yọ ọ́, ó wo ojú rẹ̀, kò gbé e. Ó dún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ta ni?" ni ìyá bèèrè.

"Ọlọ́mọlanke ni." Kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. "Àdéhùn wa ni, Màmá. Mo ti ní kó wá. Ó jọ pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà."

Ìyá fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó di ìkarahun mú gbá ẹ̀yìn ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́ra, ó fi ọ̀tún nu ojú fún un.

"Gbé e," ó ní. "Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un kó má kó wọn."